Ìjọ ìbílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá

Ìjọ ìbílẹ̀ ni àwọn ìjọ Kristẹni tí ọmọ ilẹ̀ dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń darí fúnra wọn, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òyìnbó kankan lókè òkun. Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọjú. Ní 1888, míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà kan lé Moses Ládèjọ Stone, pásítọ̀ ọmọ Yorùbá, lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó bínú jáde, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀. United Native African Church tẹ̀ lé e ní 1891, ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kú, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ti tú iṣẹ́ rẹ̀ lágbègbè odò Ọya palẹ̀. Ní 1901, wọ́n mú pásítọ̀ James Johnson kúrò ní ìjọ Áńgílíkà St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó; ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, African Church sì délẹ̀.

Kàyéfì ibẹ̀ ni pé ìwé àdúrà Áńgílíkà ni àwọn tó jáde kúrò lọ́dọ̀ Áńgílíkà gbé dání lọ. Ẹni tí yóò ṣe olórí àti ọ̀rọ̀ ọkùnrin oníyàwó púpọ̀ ni wọ́n ń jà lé, kì í ṣe bí ìsìn yóò ṣe rí. David Brown Vincent, ọ̀kan lára àwọn aṣíwájú Native Baptist Church, ní tirẹ̀ pa orúkọ dà ní 1894, ó di Mojọlá Agbebi, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀.

Orin ló le jù. Wọ́n tú orin òyìnbó sí Yorùbá, wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ohùn ló ń gbé ìtumọ̀ lédè wa. Bí orin bá sọ̀kalẹ̀ níbi tí “ọ̀run” ti yẹ kó gòkè, “ọrùn” ni etí gbọ́. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin mímọ́, wọ́n sì gbà á sáwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi l'Ékòó láti 1914 dé 1962, tú iṣu ọ̀rọ̀ náà désàlẹ̀ ìkòkò nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music (1953).

Àwọn ìjọ Aládùúrà, tó gbé àdúrà lékè, ní tiwọn kò wá ìbílẹ̀ rárá. Bíbélì ni wọ́n ní àwọn ń wá. Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá Ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ l'Ékòó ní 1925. Ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930. Wọ́n dáná sun ère àti oògùn láìwẹ̀yìn. Àwọn ẹgbẹ́ Babalọlá tilẹ̀ wà lábẹ́ Apostolic Church ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúngbà díẹ̀, kó tó di pé kíníìnì tú wọn ká: òyìnbó ń lò ó fún ibà, àwọn ní ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ kò gbọdọ̀ lo oògùn kankan. Ibẹ̀ ni Christ Apostolic Church ti ṣẹ̀. Síbẹ̀, pẹ̀lú àlá, ìran, àtẹ́wọ́, ijó àti omi àdúrà, ìsìn àwọn wọ̀nyí ló jọ ti Yorùbá jù.

Bọ́lájí Ìdòwú ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ Towards an Indigenous Church ní 1965. Nígbà tó di olórí Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà, ìjọ náà yí òfin rẹ̀ padà ní 1976, òun sì di Patriarch, oyè tí kì í ṣe ti Mẹ́tọ́díìsì Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, tí kì í sì í ṣe ti Yorùbá náà. Ìjọ pín sí méjì. 1990 ni wọ́n tó parí ìjà.