Owó Kòkó, Ọwọ́ Àgbẹ̀

Kòkó kì í ṣe igi àbáláyé nílẹ̀ Yorùbá. Láti erékùṣù Fernando Po ni èso rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ tó di Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1870. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1880, J. P. L. Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò ọmọ Sàró ní Èkó, ti ń gbìn ín sí Ìjàn lẹ́bàá Agége. Àwọn oníṣòwò Èkó tí òwò epo pupa ti já kulẹ̀ fún ni wọ́n kọ́kọ́ fi ojú owó wo igi náà. J. K. Coker dá oko ńlá sílẹ̀ ní Ìfakọ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣe lébìrà lóko wọn kò mú owó iṣẹ́ nìkan lọ sílé, wọ́n mú èso kòkó náà dání. Ogun Kírìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ni, ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin ti sọ ìbọn kalẹ̀, igbó kìjikìji sì ń dúró dè wọ́n láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, Ìléṣà àti Oǹdó. Láàárín ìran kan péré, igi àjòjì yìí di òpó tí ọrọ̀ gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fẹ̀yìn tì.

Kí kòkó tó dé, ọ̀nà tí ẹni tó bá kọsẹ̀ ń gbà dìde kò sí lọ́wọ́ ìjọba kankan. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, ọmọ ilé kì í sì í wá ibi tí yóò kọ ebè sí tì. Ẹni tí iṣẹ́ oko bá wọ̀ lọ́rùn a bẹ àwọn ènìyàn ní ọ̀wẹ̀, a sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Àwọn ọ̀dọ́ a jọ dá àáró, wọn a ṣe oko ti ẹnì kan lónìí, wọn a ṣe ti ẹnìkejì lọ́la. Owó náà ní ètò tirẹ̀. Nínú èésú, iye kan náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi kárí. Alájọ ní tirẹ̀ a máa gba owó kéékèèké pamọ́ fún oníkálùkù títí di ọjọ́ tó bá fẹ́ gbà á. Samuel Johnson ṣàlàyé èésú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba orí òkun lọ gbé ètò yìí dání dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní "susu" títí di òní.

Èyí tó korò jù nínú gbogbo ètò náà ni ìwọ̀fà. Ẹni tí gbèsè bá ká mọ́ a yá owó, a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé, kò dín nǹkan kan kù nínú owó tí wọ́n yá. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: olówó kò gbọdọ̀ tà á, ó sì ní àkókò tirẹ̀ tó lè fi ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ lè dàgbà tán lóko olówó nítorí gbèsè ìsìnkú tàbí àìsàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi ìyìn bo ìyà yẹn mọ́lẹ̀. Ẹbí a máa gbé ènìyàn ró, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ara ọmọ ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀.

Orí ètò yìí ni kòkó bá ilẹ̀ Yorùbá, ó sì yí i padà láti ìdí. Ọdún kan ni ti iṣu, wọn a wà á, ilẹ̀ a sì sinmi. Kòkó a máa dúró lórí ilẹ̀ fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó gbìn ín ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń fi ẹjọ́ jà lé lórí. Ìṣákọ́lẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀bùn oko lásán tí àlejò fi ń mọ onílẹ̀ lónílẹ̀, di kòkó tí wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n lọ́dọọdún, ó sì wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ léraléra.

Ẹni tí yóò gbin kòkó gbọ́dọ̀ lè dúró fún nǹkan bí ọdún márùn-ún kí igi tó so. Ẹni tó ní ìyàwó púpọ̀, ọmọ púpọ̀ àti ìwọ̀fà ló rọrùn fún jù láti dá oko tó fẹjú nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀. Àwọn obìnrin ló ń ru kòkó láti oko, àwọn ló ń sá a sóòrùn, àmọ́ díẹ̀ nínú wọn ló ní oko tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Àwọn tó pẹ́ dé, títí kan àwọn Ègbìrà, ṣe àgbàro fún àwọn tó ti dé ṣáájú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì onípáànù ti ẹnì kan ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alámọ̀ ti ẹlòmíràn ní àdúgbò kan náà.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lásìkò yìí tó yẹ ká dúró tì. Bí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ká ìwọ̀fà kúrò nílẹ̀, igi kòkó gba ipò ọmọ ènìyàn. Ẹni tí gbèsè bá há mọ́ kò fi ọmọ rẹ̀ sìn mọ́, oko kòkó rẹ̀ ló ń fi dógò. Olówó ni yóò máa kórè lọ́dọọdún títí wọn yóò fi san owó tí wọ́n yá pé, ìkórè náà ni èlé, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwọ̀fà ti jẹ́ èlé nígbà kan. Gbèsè aṣọ tí àwọn òṣómàáló tà láwìn, gbèsè ìgbéyàwó, gbèsè ẹjọ́ ilẹ̀: gbogbo rẹ̀ ń padà sórí igi. Ìwádìí tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe láàárín àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó ní 1951 sí 1952, tó di ìwé ní 1956, fi hàn bí gbèsè ṣe wọ́pọ̀ tó láàárín wọn, àní lásìkò tí ọjà kòkó ń gòkè.

Títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó ló ń dá iye lé kòkó. Ní 1937 àwọn tó tóbi jù nínú wọn fẹnu kò pé àwọn kò ní bá ara wọn du ọjà mọ́, wọn yóò jọ dúró lórí iye kan. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀ láti ta kòkó wọn fún oṣù púpọ̀ nítorí èyí. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni àwọn kan gbójú lé. Òfin tó fìdí wọn múlẹ̀ jáde ní 1935, Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san ti Ìbàdàn sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo òwò kòkó sọ́wọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, kò dá òwò náà padà, ó dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1947.

Ète tí wọ́n kéde dára létí. Lọ́dún tí kòkó bá wọ́n lókè òkun, Bọ́ọ̀dù yóò san iye tó kéré sí ti ọjà fún àgbẹ̀, yóò fi ìyókù pamọ́. Lọ́dún tí ọjà bá já, yóò fi ohun ìpamọ́ náà gbé àgbẹ̀ ró. Àjọ ni èyí, lédè tó yé gbogbo abúlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dá àjọ ló ń yan alájọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ bóyá ó fẹ́ dá àjọ yìí, kò sì sí ibòmíràn tó lè gbé kòkó rẹ̀ lọ tà. Láàárín 1947 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí a bá pa ohun tí Bọ́ọ̀dù mú pọ̀ mọ́ owó orí tó wà lórí kòkó, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ nínú iye tí ì bá gbà. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ owó náà pamọ́ sí, lásìkò tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ogun. Nígbà tí wọ́n pín Bọ́ọ̀dù sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní 1954, ohun tó kan Ìwọ̀-Oòrùn ju 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ.

Ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ni owó náà bọ́ sí. Ìjọba yẹn gbà gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ni ohun tó lè gbé ọmọ tálákà kúrò nílẹ̀. S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1952. Owó orí tuntun tí wọ́n bù lé àwọn ènìyàn láti fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, dá ìbínú sílẹ̀ débi pé àwọn alákùkọ, ẹgbẹ́ NCNC, ló borí ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀ ìjọba kò yẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní 1954, wọ́n di 811,000 ní 1955. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà fún àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn, owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù sì di ṣílè márùn-ún lójúmọ́. Kò sí ohun mìíràn tí owó kòkó ṣe tó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò mọ̀wé di olùkọ́, dókítà àti adájọ́ nítorí rẹ̀.

Ẹni tó san owó rẹ̀ ni ìtàn sábà máa ń gbójú fò. Ọmọ akọ̀wé àti ọmọ lọ́yà jókòó sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gé owó lára ọjà akọ̀wé kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ tó parí ìwé mẹ́fà kò padà sóko mọ́, ìgboro ló gbà lọ, àgbẹ̀ sì ń fi owó gba alágbàro sí iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ì bá ṣe. Apá kan owó náà kò tilẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ G. B. A. Coker darí ní 1962 tú u síta pé owó Bọ́ọ̀dù ti lọ sí National Bank àti sí ilé-iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ kan tí àwọn èèkàn ẹgbẹ́ òṣèlú ń darí, àti pé apá kan ti ibẹ̀ dé àpò ẹgbẹ́. Àwọn olólùfẹ́ Awólọ́wọ̀ sọ pé ìjọba àpapọ̀ lo ìgbìmọ̀ náà láti fi rẹ́yìn ọ̀tá ni. Bó ti wù kó rí, wọ́n ti ná owó náà tán, kò sì sí àgbẹ̀ tó bu ọwọ́ lu ìnáwó rẹ̀.

Nígbà tí ọjà kòkó àgbáyé wá já ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó yẹ kí àjọ kàn án, Bọ́ọ̀dù kò ní ohun tó lè fi gbé àgbẹ̀ ró. Ó gé iye tó ń san ní 1961. Ní 1965, lẹ́yìn ìdìbò oṣù Ọ̀wàrà tí ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀, tó ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, sọ pé òun wọlé, wọ́n tún gé e lulẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n parí Ilé Kòkó gogoro ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. Ìgboro ti ń jó lọ́wọ́ àwọn "wẹ́tiẹ̀", àwọn tó ń da epo sí ilé àti ènìyàn tí wọ́n sì ń dáná sun wọ́n, nítorí ìdìbò náà, gígé owó kòkó sì mú kí iná ọ̀hún dé àwọn abúlé.

Ogun abẹ́lé dé ní 1967, owó orí pọ̀ sí i, àwọn wolé-wolé àti àwọn agbowó orí kò sì yé wọ abúlé. Ní ìparí 1968, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ dìde lábẹ́ orúkọ Agbẹ́kọ̀yà. Tàfá Adéoyè ti Akanran àti Fọlárìn Ìdòwú wà lára àwọn aṣáájú wọn. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn yóò san, àwọn kò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá àti ọmọ ogun pa àgbẹ̀, àgbẹ̀ náà pa ọlọ́pàá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀mí Ṣọ̀ún, ọba ìlú náà, bá a lọ ní 1969. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún yẹn, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Tàfá Adéoyè sọ̀rọ̀ lóko. Ìjọba Ajagun Adéyínká Adébáyọ̀ sọ owó orí di pọ́n-ùn méjì, ó kó àwọn wolé-wolé kúrò lábúlé, ó sì fi kún owó kòkó. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi owó kòkó ṣe fún ọmọ àgbẹ̀. Ìdá owó tó tọ́ sí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbọn ìbílẹ̀ ni wọ́n fi gbà á.

Lẹ́yìn náà epo rọ̀bì bo kòkó mọ́lẹ̀. Kòkó tí Nàìjíríà kórè ní 1970 sí 1971 ju 300,000 tọ́ọ̀nù lọ, kí ó tó di àárín àwọn ọdún 1980 kò tó ìdajì rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ti darúgbó, igi wọn ti darúgbó, ìjọba àpapọ̀ tó gba Bọ́ọ̀dù ní 1977 kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò wọn, nítorí owó epo tó fún un láti fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè láti 1976. Ní 1986 wọ́n tú Bọ́ọ̀dù ká. Kò sí àgbẹ̀ kankan tí wọ́n pè láti wá gba ohun tó dá sínú rẹ̀ láti 1947. Ilé Kòkó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Odù'a, tó jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, láti 1976. Owó tí wọ́n ń san lórí kòkó gòkè lójijì lẹ́yìn tí Bọ́ọ̀dù lọ, ó sì tún ń já bí ọjà bá ti já. Ẹni tó bá fẹ́ owó kí ìkórè tó dé padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó láti yáwó, ó sì fi igi rẹ̀ dógò.