Igi Wọ́rọ́kọ́ Tó Di Tábìlì Ìjẹun

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà kì í fojú ire wo pákó tó bá ní èèpo létí. Bí a bá ti ra igi dé láti Bódìjà, iṣẹ́ mi ni láti fa ìlà tó tọ́ bí ọ̀pá, kí n sì gé gbogbo etí rẹ̀ kúrò. Ọ̀dọ̀ ìyá alámàlà ni àgékù ń lọ. Igi wọ́rọ́kọ́ tí í da iná rú, inú iná náà ló kúkú ń parí sí.

Ìtàn káfíńtà kan, George Nakashima, ló yí mi lérò padà. Ìran Japan ni, ṣùgbọ́n ìlú Spokane ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1905. Ó kàwé ayàwòrán-ilé dé ilé-ìwé gíga MIT, ó gboyè níbẹ̀ ní 1930. Nígbà tí Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ní ìparí 1941, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìran Japan, bí 120,000 ènìyàn, sí àgọ́. Ní 1942, wọ́n kó Nakashima, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn lọ sí Minidoka, ní Idaho.

Níbẹ̀ ló ti pàdé Gentaro Hikogawa, káfíńtà tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Japan dunjú. Ayàwòrán-ilé tó ti gboyè wá di ọmọ-iṣẹ́. Àjákù pákó àti igi aṣálẹ̀ ni wọ́n rí lò. Ní 1943, Antonin Raymond, tó ti gbà á síṣẹ́ rí ní Tokyo, dúró fún un, ìjọba sì jẹ́ kí òun àti ìdílé rẹ̀ kúrò ní àgọ́, wọ́n wá tẹ̀dó sí New Hope, ní Pennsylvania.

Nakashima kò lówó igi gidi, igi tí àwọn ẹlòmíràn kọ̀ ló ń lò. Ó fi etí pákó sílẹ̀ bó ṣe hù, kó máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí etí odò. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, bí wọ́n bá la gẹdú walnut kan tán, á to pákó rẹ̀ léra bí wọ́n ṣe wà lára igi, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á, kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ. Òun àti oníbàárà ni wọ́n jọ ń yan pákó. Á wá kọ orúkọ onítọ̀hún sábẹ́ tábìlì.

Ibi tó bá sán ńkọ́? Ọ̀gá mi á ní kí n gé e sọnù. Nakashima á gbẹ́ igi líle bíi labalábá: apá méjèèjì fẹ̀, àárín tín-ín-rín. Á gbẹ́ ojú rẹ̀ sórí ibi tó sán, á tẹ̀ ẹ́ wọlé pinpin. Bí ibẹ̀ bá fẹ́ la sí i, apá tó fẹ̀ kò lè gba ọ̀nà tóóró àárín kọjá.

Ó kú ní 1990. Mira, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé wọ Minidoka, ló gba ilé iṣẹ́ náà.

Tábìlì tí èmi àti àwọn ọmọ mi fi ń jẹun, igi apá ni, labalábá mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin káfíńtà ẹgbẹ́ mi, ẹ wo etí pákó dáadáa kí ẹ tó gbé ayùn lé e. Èyí tí ẹ bá ti gé, kò ní í padà hù mọ́.