Ìwé mẹ́ta MaddAddam

MaddAddam ni orúkọ àpapọ̀ ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta tí Margaret Atwood, òǹkọ̀wé ọmọ Kánádà, kọ: Oryx and Crake (2003), The Year of the Flood (2009) àti MaddAddam (2013). Ayé ọjọ́ iwájú ni wọ́n dá lé, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti gbapò ìjọba, tí wọ́n ń tún jíìnì ẹ̀dá tò nítorí èrè, títí àrùn àtọwọ́dá fi pa ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ aráyé.

Ìpìlẹ̀
Atwood, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ kòkòrò, bẹ̀rẹ̀ ìwé kìíní ní oṣù kẹta ọdún 2001, nígbà tó lọ wo ẹyẹ ní Ọsirélíà. Orúkọ ẹyẹ ibẹ̀ kan ni Crake, onímọ̀ inú ìtàn náà tó fi àrùn náà pamọ́ sínú oògùn ìgbádùn, ń jẹ́.

Àwọn ẹ̀dá àtọwọ́dá
Pigoon jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi jíìnì èèyàn sí lára, kó lè máa hu kíndìnrín àti ẹ̀yà ara mìíràn fún aláìsàn. Nígbà tó yá, wọ́n fi ti ọpọlọ èèyàn kún un, ẹlẹ́dẹ̀ sì di aláròjinlẹ̀: nínú ìwé kejì, wọ́n ń da ewé sórí òkú ara wọn, nínú ìkẹta, wọ́n bá àwọn èèyàn tó ṣẹ́kù dá májẹ̀mú pé kí wọ́n má pa àwọn jẹ mọ́, àwọn náà kò sì ní ba ọgbà wọn jẹ́. ChickieNobs jẹ́ adìyẹ tí kò lójú, tí kò ní àgógó, tí ẹran nìkan ń hù lára rẹ̀; àwọn tó ṣe é ní kò mọ ìrora. Wolvog, àdàlù ìkookò àti ajá, ń jùrù bí ajá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbé. Àwọn èèyàn tuntun tí Crake dá ń jẹ ewé, òórùn ara wọn ń lé kòkòrò, wọn kì í sì í jowú.

Ìwà ẹ̀tọ́ sí ayé
Jimmy ni olú ẹ̀dá ìtàn ìwé kìíní; bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣe pigoon. Ìyá rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn. Ilé-iṣẹ́ HelthWyzer ń fi àrùn sínú fítámì tirẹ̀, kó lè rí ìwòsàn tà. Nítorí náà, kì í ṣe ìmọ̀ jíìnì fúnra rẹ̀ ni ìwé náà dá lẹ́bi. Ohun tó ń béèrè ni pé ta ló ni ìmọ̀ náà, ta ni yóò sì jíhìn fún un. Àwọn Olùṣọ́gbà Ọlọ́run, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kan nínú ìtàn náà, tí ń gbin ẹ̀fọ́ sórí òrùlé, tí wọ́n sì ka Rachel Carson, òǹkọ̀wé tó jà fún àyíká, sí ẹni mímọ́, ń wá ọ̀nà mìíràn.

Irú ìwé tó jẹ́
Èrò kò ṣọ̀kan lórí èyí. Atwood ní kì í ṣe ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lòun kọ. Ursula Le Guin, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, kò gbà bẹ́ẹ̀ ní 2009. Nínú ìwé tí Atwood ṣe ní 2011, ó jọ pé ìtumọ̀ tí kálukú fún ọ̀rọ̀ náà ló fa ìyàtọ̀ wọn.

Ìtẹ́wọ́gbà
Oryx and Crake wọ ìpele àṣekágbá ẹ̀bùn Booker ní 2003. Nígbà tó yá, ohun tó jọ pigoon ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Maryland, Amẹ́ríkà, gbé ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti tún jíìnì rẹ̀ tò sí àyà ọkùnrin kan, ó sì lo nǹkan bí oṣù méjì sí i láyé. Ìbéèrè tí Atwood gbé dìde nípa pigoon ti di ti ilé ìwòsàn.