Ohun Tó Ń Mú Dẹ́kìn Tuntun Gbóná, àti Ìdí Tó Fi Ń Sán

Ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé dẹ́kìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dà á lè rí i pé ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí oòrùn ò tiẹ̀ tíì yọ. Oòrùn àná nìkan kọ́ o. Sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ló ń mú ooru jáde. Bí omi bá ti kàn án, àwọn méjèèjì á para pọ̀ di ohun mìíràn tó ń di yanrìn àti òkúta mú, inú iṣẹ́ yìí sì ni ooru ti ń wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé kọnkéré gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ló fi ń le, bí omi inú rẹ̀ bá sì tètè gbẹ, líle náà á dúró láàárín ọ̀nà.

Dẹ́kìn ilé gbígbé tó nípọn tó íǹṣì 6 máa ń gbóná jù láàárín ọjọ́ kan, ooru náà á sì tètè bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìpìlẹ̀ ilé àwòṣífìlà tàbí ẹsẹ̀ afárá ńlá ò rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ lè máa gbóná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà tí ara rẹ̀ lóde ti tutù. Inú ń fẹ̀, ara ń súnkì, ara náà á wá sán. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà kì í fi í fẹ́ kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú àti ara ju nǹkan bíi díígírì 20 lọ. Nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré ìsédò Hoover ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1933, ṣe ni wọ́n ri páìpù sínú rẹ̀ tí wọ́n ń gba omi tútù kọjá. Wọ́n ti ṣírò ó pé bí wọ́n bá dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ju 100 ọdún lọ kó tó tutù tán.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìgbà ọyẹ́ ló yẹ kí onílé fura jù. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ó ń fẹ́, oòrùn ọ̀sán mú, òru tutù. Omi orí dẹ́kìn á máa fò lọ kí èyí tó wà nísàlẹ̀ tó gòkè wá rọ́pò rẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ sì ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ á ti yọ. Alángbá nìkan kọ́ ló ń wọ ibi tó bá lanu. Omi òjò náà á bá a wọlé, á dé ìdí irin, irin á sì dípẹtà.

Ooru tún máa ń jẹ́ kí kọnkéré tètè le mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá ti ń le, omi ni wọ́n á bù sí i kó lè rọrùn láti tẹ́. Àbùsí omi yìí gan-an ló ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ó sàn kí wọ́n wọ́n omi sí òkúta àti pákó ṣáájú, kí wọ́n sì dà á ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. (Ìrọ̀lẹ́ dáa gan-an, bí iná bá wà.)

Gbàrà tí ojú rẹ̀ bá ti le díẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá tàbí àpò ìdọ̀họ tútù bò ó. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n máa bomi rin ín, ó kéré tán fún ọjọ́ 7, láìjẹ́ kó gbẹ rárá. Èyí tí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ títí di aago méjì ọ̀sán, tí wọ́n wá da omi kànga tútù lé lójijì, ojú rẹ̀ á súnkì kí inú tó mọ̀, ó sì lè sán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé iṣẹ́ bíríkìlà parí lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn. Ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Onílé wà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bomi rin nǹkan kan. Kí wọ́n ti dá orúkọ ẹni tí yóò máa bomi rin ín àti owó rẹ̀ mọ́ àdéhùn kí àpò sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́ tó ṣí. Bí ìlà bá sì yọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, kí ẹnjiníà wò ó kí ẹnikẹ́ni tó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ.