Ojúmọ́, Àgbàṣe àti Wákàtí: Bí A Ṣe Ń Ka Àkókò Iṣẹ́ ní Kpoulou láti Ìgbà Ìjọba Faransé

1. Ìbéèrè

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ìwádìí ńlá kan ti ń lọ ní Yúróòpù lórí bí iṣẹ́ ṣe rí lára àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Lára ohun tí ó ń yà sọ́tọ̀ ni mẹ́ta yìí: iye wákàtí tí ènìyàn ń ṣe lọ́sẹ̀, bí iṣẹ́ náà ṣe ń lé e níré tó, àti bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ kí ó ráyè fún ilé àti ẹbí rẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ agbègbè Adja-Ouèrè, Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ mi láti kíláàsì àkọ́kọ́. Nígbà tí mo gbé ìbéèrè mẹ́ta yìí wá sí èdè wa fún àwọn àgbẹ̀ Kpoulou, èyí tó rọrùn jù ní Faransé ló le jù ní Yorùbá. Kò sẹ́ni tí kò lè sọ bóyá iṣẹ́ òun nira, tàbí bóyá òun ń ráyè ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá béèrè wákàtí, iye ojúmọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn, tàbí iye ilẹ̀ tí wọ́n ro.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé kì í ṣe àìmọ̀ọ́kà ló fa ìdáhùn yìí. Ìtàn ló fà á. Nígbà tí ìjọba ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará oko, ọjọ́ ni ó fi kà á. Nígbà tí ó wá ń dáàbò bo òṣìṣẹ́, wákàtí ni ó fi kà á, oko kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ìṣirò náà.

2. Kí agogo tó dé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ fúnra wọn. «Wákàtí» wá láti inú èdè Lárúbáwá, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. «Agogo» jẹ́ ohun tí a ń lù kí ó tó di ohun tí a fi ń mọ àkókò. Àwọn Fọ̀n àti àwọn Gun tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa ṣe bákan náà: «gàn» wọn jẹ́ irin, ó jẹ́ agogo tí a ń lù, ó sì tún jẹ́ wákàtí. «Ọ̀sẹ̀» pàápàá, tí a fi ń pe ọjọ́ méje lónìí, jẹ́ orúkọ ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà, tí ẹni tó ń sìn ín kì í sì í lọ sí oko, nínú ìṣirò ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ìsinmi ni ó wá di ìwọ̀n iṣẹ́.

Àìsí wákàtí kò túmọ̀ sí àìsí ìwọ̀n. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó pe ènìyàn ń bọ́ wọn, gbèsè rẹ̀ kò sì le. Nínú àáró, gbèsè le: ojúmọ́ kan ni a fi ń san ojúmọ́ kan. Ìdí nìyí tí àwọn tí agbára wọn dọ́gba fi máa ń dá àáró pọ̀, kí ojúmọ́ ẹnì kan má baà fúyẹ́ ju ti ẹnì kejì lọ. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ ń pín ọjọ́ sí méjì: òwúrọ̀ jẹ́ ti olówó rẹ̀, ìyókù jẹ́ tirẹ̀. Alágbàṣe kò ka ọjọ́ rárá, ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n fún un ni ó ń kà. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, ohun tí a ń béèrè kì í ṣe bí iṣẹ́ ṣe pẹ́ tó. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ta ló ni ọjọ́ yìí, báwo sì ni iṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe wúwo tó? Àkókò àti ìnira iṣẹ́, tí àwọn olùṣèwádìí Yúróòpù yà sí méjì, wà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ojúmọ́.

3. Ọjọ́ méjìlá

Ojúmọ́ yìí ni ìjọba Faransé nawọ́ mú. Àṣẹ ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1912, tí wọ́n ṣe fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé, to iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní «prestation» létò. Ọkùnrin tó ti dàgbà tí ara rẹ̀ sì dá gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà àti àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lófẹ̀ẹ́, ó pẹ́ jù ọjọ́ 12 lọ́dún. Ètò «indigénat» sì fún ọ̀gá àgbègbè lágbára láti fìyà jẹ ẹni tó bá kọ̀, láìgbé e dé kóòtù.

Lójú ẹni tó wà ní ọ́fíìsì, ọjọ́ 12 nínú 365 kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú àáró wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọkùnrin kan lọ sí ojú ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò san án padà fún un, gbèsè ojúmọ́ tó jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà síbẹ̀. Ọjọ́ tí ìjọba gbà náà kò ní ìwúwo tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí; ẹni tó dúró tì wọ́n ló ń pinnu bí wọn yóò ṣe yára tó.

A mọ ohun tí àwọn ará agbègbè yìí ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ilẹ̀ amọ̀ dúdú wọn ń di ẹrẹ̀ tí kò ṣeé rìn lásìkò òjò, dìde sí ìjọba Faransé. Owó orí, ìfipámúni sí iṣẹ́ ológun àti iṣẹ́ àfipáṣe wà lára ohun tó bí wọn nínú. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tí kò pariwo: wọ́n kó lọ sí ìhà Nàìjíríà. A. I. Asiwaju fi ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, tó jáde ní 1976, hàn wá pé ṣíṣí kúrò nílùú bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìjà.

Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú èdè. Ní Nàìjíríà, àwọn Yorùbá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é làágùn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ní lọ́kàn. Fún ọkùnrin tó gbé ọkọ́ lọ sí ojú ọ̀nà Faransé, òógùn gan-an ni iṣẹ́ ìjọba.

Ní 1930, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe àdéhùn kọkàndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ lórí iṣẹ́ àfipáṣe; Faransé fọwọ́ sí i ní 1937. Àdéhùn náà ní kí wákàtí ẹni tí wọ́n fipá mú má ju ti ẹni tó ṣiṣẹ́ tinútinú lọ. Ó tún ní kí wọ́n fún un ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ náà sì bá èyí tí àṣà ìbílẹ̀ yà sọ́tọ̀ mu bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Lórí ìwé, a padà sí ìtumọ̀ àtijọ́ ti «ọ̀sẹ̀».

4. Wákàtí 40 àti wákàtí 2,400

Òfin ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1946, tí a ń fi orúkọ Félix Houphouët-Boigny, aṣojú Côte d'Ivoire, pè, fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Lẹ́yìn èyí ni ìjà wákàtí bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 1952, àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Faransé yanṣẹ́ lódì kí ilé aṣòfin Paris lè tètè dìbò lórí òfin iṣẹ́ tó ti pẹ́ níwájú rẹ̀. Òfin náà jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ó gbé wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kalẹ̀, iye kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ Faransé gbà ní 1936.

Wákàtí di owó lójú ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ṣe wákàtí 48 tẹ́lẹ̀ tó wá di 40, owó wákàtí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìdá márùn-ún kan lé kí owó oṣù má baà dín. Lórí ìdá márùn-ún yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ Guinea fi yanṣẹ́ lódì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní 1953.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà kọ ìlà mìíràn fún oko: wákàtí 2,400 lọ́dún. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ jẹ́ 2,080 lọ́dún. Alágbàṣe oko ọ̀pẹ fi wákàtí 320 ju akọ̀wé lọ, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ti akọ̀wé náà. Òfin iṣẹ́ Benin, nọ́ńbà 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1998, di iye méjèèjì mú. Àgbẹ̀ tó ń ro oko ara rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò kankan. Ní ti alágbàṣe tí wọ́n wọn ilẹ̀ fún, bí ilẹ̀ bá le, wákàtí rẹ̀ a gùn, owó rẹ̀ a sì dúró síbi tó wà.

5. Ṣíṣíwọ́

Ìbéèrè kẹta, ti iṣẹ́ àti ilé, gba àkíyèsí tirẹ̀. Nínú Faransé tí a ń sọ ní Benin, òṣìṣẹ́ máa ń «descendre» nírọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí nǹkan, a sì ń pe ibi iṣẹ́ ní «service». Yorùbá ní «ṣíwọ́»: ọwọ́ ni a ṣí kúrò lára iṣẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣíwọ́ nídìí epo pupa tàbí gàrí, iṣẹ́ ilé ló kàn. Bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé náà sí «iṣẹ́ àti ìgbésí ayé», a ti sọ ohun tí èdè wa kò gbà, nítorí ó pe ìtọ́jú ọmọ àti oúnjẹ sísè ní iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Èdè wa ka ohun tí òfin kò kà.

6. Ohun tó kù láti ṣe

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń túmọ̀ òfin sí èdè ìbílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà lágbà yóò pàdé nọ́ńbà 2,400 yìí lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá kọ «wákàtí 2,400 lọ́dún», òótọ́ ni wọ́n kọ, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò lò ó. Àbá mi ni kí a sọ ọ́ di ojúmọ́. Bí ojúmọ́ bá jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, 2,400 jẹ́ ojúmọ́ 300. Alágbàṣe lè ka 300. Ó lè bi ẹni tó gbà á síṣẹ́ léèrè bóyá ilẹ̀ tó wọ̀n fún un tó ojúmọ́ kan àbí ó jù ú lọ.

Ó sì lè fi wé ìṣirò àwọn baba ńlá rẹ̀. Ẹni tó bá yẹra fún oko ní ọjọ́ kan nínú mẹ́rin kò ní lọ sí oko ju nǹkan bí ìgbà 274 lọ lọ́dún. Òfin tó wá dáàbò bò ó fi ojúmọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lé e.