Lẹ́ńsì Olójú Gbàràgàdà Tí Kò Ní Súùmù

Lẹ́ńsì olójú gbàràgàdà ni àwọn lẹ́ńsì kámẹ́rà tó ń kó ibi tó fẹ̀ gan-an sínú àwòrán kan ṣoṣo. Lórí kámẹ́rà tí fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36 ní ìbú àti 24 ní òró, èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kò bá tó mìlímítà 24 ni wọ́n sábà máa ń kà mọ́ wọn. Mìlímítà 50 tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ ń rí nǹkan bíi dígírì 47. 20 ń rí 94, 14 sì ń rí 114. Èyí tí kò ní súùmù lára wọn la ń sọ níhìn-ín: ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan tóbi sí i, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn lọ bá a.

Ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ da àwọn tó ń ṣe é láàmú, nítorí bí lẹ́ńsì bá ṣe ń fẹ̀ lójú tó ni etí àwòrán ń ṣókùnkùn tó. Ní 1900, Emil von Höegh ti ilé-iṣẹ́ Goerz ní Jámánì ṣe Hypergon, gíláàsì méjì péré tó ń rí nǹkan bíi dígírì 135. Irin kékeré kan tó rí bí ìràwọ̀ wà níwájú rẹ̀. Ayàwòrán á tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa yí irin náà bìrìbìrì, irin á sì dín ìmọ́lẹ̀ àárín kù títí etí yóò fi rí tirẹ̀ gbà. Ní 1954, Biogon mìlímítà 21 tí Ludwig Bertele ṣe fún Zeiss dé, ó dára púpọ̀, àmọ́ gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fíìmù. Kámẹ́rà tó ní dígí láàárín lẹ́ńsì àti fíìmù kò lè gbà á. Ọ̀nà tí Pierre Angénieux ti là ní ilẹ̀ Faransé ní 1950, tó gbé gíláàsì ẹ̀yìn jìnnà sí fíìmù, ni irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tọ̀. Ohun tó ná wọn ni pé lẹ́ńsì tóbi, ó sì wúwo: mìlímítà 13 tí Nikon mú jáde láàárín ọdún 1970 sí 1979 ju kìlógíráàmù kan lọ. Kámẹ́rà ìsinsìnyí tí kò ní dígí ti dín ẹrù yẹn kù.

Ọ̀pọ̀ ló ń rà á kí gbogbo nǹkan lè wọ inú àwòrán, èrò yẹn gan-an ló sì ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Tí a bá dúró lókèèrè, ilẹ̀ òfìfo àti ojú ọ̀run ló máa gba àwòrán, ohun tí a wá yà á sì kéré jọjọ. Ìsúnmọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbé e sún mọ́ gángan tó wà lábíyá onílù, gángan á kún iwájú, onílù àti agbo ijó á sì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá wo òkè, ilé á dà bí ẹni ń ṣubú sẹ́yìn, nítorí náà ó yẹ kó dúró gbọọrọ. Etí àwòrán máa ń fa nǹkan gùn: níbi ìgbéyàwó, má ṣe fi ìyá ìyàwó síbẹ̀, kò ní dárí jì ọ́.

Fókọ́ọ̀sì rẹ̀ rọrùn. Tí a bá dín ihò ìmọ́lẹ̀ 14 kù sí f/8, tí a sì to fókọ́ọ̀sì sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80, ohun gbogbo láti sẹ̀ǹtímítà 40 títí dé òkèèrè réré ló máa mọ́. Ìdí nìyí tí Samyang 14 f/2.8 láti Kòríà Gúúsù, tí a ń fi ọwọ́ tò, fi tó ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tẹ ìlà tó tọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí a ní láti fi kọ̀ǹpútà tún ṣe. Fún ìràwọ̀, pín 500 sí nọ́ńbà lẹ́ńsì: 14 á fún ọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 35 kí ìràwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Sẹ́ńsọ̀ òde òní tó ń rí fínnífínní kì í gbà tó bẹ́ẹ̀.

Kí o tó sanwó, wo sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rẹ; lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní APS-C, 14 ń ríran bíi 21. Wo iwájú lẹ́ńsì náà pẹ̀lú: èyí tó yọ gọngọ kì í gba fílítà tí a ń yí mọ́ ọn. Ẹni tí kò tíì ní irú rẹ̀ rí, 20 ni kó kọ́kọ́ rà. Kó fi 14 sílẹ̀ fún ẹni tó ń ya ìràwọ̀ tàbí inú yàrá híhá.