Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni ẹgbẹ́ ọjọ́ orí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra ni í para pọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, bíi Gbọbaníyì. Àṣà náà ti wà tipẹ́; Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó jẹ Awùjalẹ̀ láti 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù Keje 2025, ló sọ ọ́ jí.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí máa ń jáde fún àjọ̀dún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fún wọn láyè ẹ̀sìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lónìí, tonígbàgbọ́ tonísẹ̀ṣe ló ń bá wọn jó. Ẹgbẹ́ á da aṣọ kan náà bora, wọ́n á tò, wọ́n á sì jó lọ kí ọba.

Ní tòótọ́, ẹgbẹ́ tó ń kó ojúgbà jọ lè ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ. Pápá kan náà tí gbogbo wọn ti ń pàdé ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdílé Balógun pàápàá á gun ẹṣin dé, ọmọdé á jókòó lórí gàárì nítòsí bàbá rẹ̀, ìlù á máa dún, ìbọn á máa ró.

Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba, ọ̀kan lára àwọn tó gun ẹṣin wá síbi Ojúde Ọba, tàn ká íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé orúkọ àjọ̀dún náà dé etí àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé.